Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é, àṣé kókó ọrùn ni!
Bí àìsàn táírọ́ìdì ṣe ń sọ ọlọ́yàyà èèyàn di onísoríkọ́

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹjọ, ọdún 1992, àwọn obìnrin mẹ́jọ tí ẹsẹ̀ wọn yá jù lágbàáyé tò sórí ìlà nílùú Barcelona, lórílẹ̀-èdè Spéènì. Eré 100 mítà ni wọ́n fẹ́ sá, àṣekágbá ìdíje Òlíḿpíìkì sì ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jókòó ti tẹlifíṣàn lọ́jọ́ náà, ara Mary Onyali ni ojú wọn wà, nítorí òun náà wà lára àwọn mẹ́jọ ọ̀hún. Ìbọn dún, wọ́n gbéra, kí olúkúlùkù tó mí èémí díẹ̀, wọ́n ti dé òpin. Àwọn márùn-ún ló wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ẹni tó borí. Àfi ìgbà tí wọ́n wo fọ́tò. Onyali ṣe ipò keje. Ẹni tó gba góòlù ni ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Gail Devers, tó fi ìṣẹ́jú àáyá 10.82 sá eré náà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn pariwo, wọ́n ní ọmọ yìí mà lẹ́sẹ̀ o. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ní ọdún kan àti oṣù márùn-ún péré ṣáájú ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ kan náà yìí ni dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn gé. Kókó kékeré kan tó wà lábẹ́ gògóńgò rẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀.

ARA Ń YỌ Ọ́ LẸ́NU, WỌ́N NÍ KÓ LỌ SINMI

Ọdún 1988 ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fún Devers. Lọ́dún yẹn, òun ni obìnrin tó yára jù ní Amẹ́ríkà nínú eré 100 mítà tí wọ́n ti ń fo igi. Ó ti fi 12.61 sá a, kò sì sí obìnrin Amẹ́ríkà kankan tó sá a báyẹn rí. Nígbà tí wọ́n wá dé Seoul fún Òlíḿpíìkì, ara rẹ̀ kò jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ dé àṣekágbá.

Ó padà sílé, ọ̀rọ̀ náà kò sì tán síbẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, irun rẹ̀ ń re, ojú rẹ̀ kan ń ṣe bàìbàì. Ìwọ̀n ara rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò dá bó ṣe yẹ kó dá. Ohun tó mọ̀ lánàá, kò rántí rẹ̀ lónìí. Ó lọ bá dókítà kan, ó lọ bá òmíràn. Àwọn kan ní ó ń lo ara rẹ̀ jù, kó lọ sinmi. Ó sinmi títí, kò san.

Ọmọbìnrin tó jẹ́ pé iwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ti máa ń sáré wá di ẹni tí kì í fẹ́ jáde mọ́. Ó fi aṣọ bo gbogbo dígí ilé rẹ̀, kó má baà rí ojú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan kọjá, tí ìkejì tẹ̀lé e.

Ọdún 1990 ni dókítà kan tó wo ọrùn rẹ̀ dáadáa kí àṣírí tó tú. Wọ́n ní àìsàn Graves ni, ìyẹn àìsàn tí wọ́n fi orúkọ dókítà ọmọ Ireland kan pè, Robert Graves, tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1835. Kókó ọrùn Devers ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Oògùn kan wà tí ì bá bá a dín ìlù ọkàn rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì kò fàyè gba oògùn náà, Devers sì kọ̀ ọ́, torí ó ṣì ń retí àtipadà sórí pápá. Wọ́n wá fún un ní ìtọ́jú tó ń jó kókó náà nínú.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tún bẹ́yìn yọ. Lẹ́yìn ìtọ́jú ọ̀hún, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, wọ́n bó, wọ́n ń ṣomi. Kò lè rìn dé ilé ìwẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ló kó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé e. Ní oṣù kẹta, ọdún 1991, dókítà sọ fún un pé bó bá tún fi ẹsẹ̀ yẹn rìn fún ọjọ́ méjì sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gígé ló kù. Wọ́n yí ìtọ́jú rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ náà san. Nígbà tó kọ́kọ́ padà sórí pápá, ìbọ̀sẹ̀ ló wọ̀, ó kàn ń rọra rìn yí pápá ká ni.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó jẹ́ ìlúmọ̀ọ́ká eléré ìdárayá, tó jẹ́ pé Amẹ́ríkà ló ń gbé, tí dókítà pọ̀ láyìíká rẹ̀ bí erùpẹ̀, bí ọdún méjì ni wọ́n fi wá ohun tó ń ṣe é kiri. Kí wá ni kí akọ̀wé báńkì ní Màrínà sọ? Kí ni kí ìyá tó ń ta aṣọ ní Gbági sọ?

IRÚ KÓKÓ WO NI?

Bí ẹ bá fi ọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, lábẹ́ ibi tí gògóńgò wà, ibẹ̀ ni kókó tí àwọn dókítà ń pè ní táírọ́ìdì fara pamọ́ sí. Ó dà bíi labalábá tó na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì. Kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, bí ó bá sì wà bó ṣe yẹ kó wà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kì í ṣe kékeré. Òun ló ń sọ fún gbogbo ara bí yóò ṣe yára tó. Ẹ fi wé ohun tí ìyàwó ilé fi ń yí iná sítóòfù sókè sódò. Bí iná bá kéré jù, ìrẹsì kò ní í jinná. Bó bá pọ̀ jù, ìrẹsì á jóná mọ́ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kókó yìí ń mú áyódíìnì tó wà nínú oúnjẹ, ó ń fi ṣe èròjà tí wọ́n ń pè ní T4 àti T3, ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé e káàkiri. Ọkàn ń lò ó láti lù, ìfun ń lò ó láti da oúnjẹ, awọ ara ń lò ó, ilé ọmọ ń lò ó. Ọpọlọ náà ń lò ó.

Ọ̀gá kan tún wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń ṣọ́ kókó náà. Bí iṣẹ́ kókó ọrùn bá dín kù, ọ̀gá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í fi TSH ránṣẹ́ sí i pé kó múra. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé TSH inú ẹ̀jẹ̀ ni dókítà sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Bó bá ga jù, kókó ọrùn ń lọ́ra nìyẹn. Bó bá wálẹ̀ jù, àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé kókó náà ń ṣe àṣejù.

BÓ BÁ LỌ́RA, ÈÈYÀN Á SORÍ KỌ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìsoríkọ́ gan-an nìyí. Nígbà tí kókó yìí bá ń lọ́ra, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Èèyàn á sùn wákàtí mẹ́jọ, á jí, á tún rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó rù blọ́ọ̀kù mọ́jú. Òtútù á máa mú un nígbà tí àwọn yòókù ń làágùn. Ìgbẹ́ á máa gbẹ ẹ́, awọ ara á gbẹ, ohùn á ki, ojú á wú díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ kò pọ̀, síbẹ̀ ó ń sanra. Obìnrin á máa rí nǹkan oṣù tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹlòmíràn á máa wá oyún, kò ní í rí i.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkàn náà á wúwo. Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kò ní í pa á lẹ́rìn-ín mọ́. Ó lè jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, kó di bàtà ẹsẹ̀ kan, kó má sì rí agbára láti di èkejì. Ní ọ́fíìsì, wọ́n á ní kó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, ọwọ́ rẹ̀ á dúró, ọ̀rọ̀ kò ní í wá. Ó ń sunkún láìnídìí. Ó ń gbàgbé orúkọ oníbàárà. Bí ọkọ bá fọwọ́ kàn án lóru, á kọ̀yìn sí i.

Ìdí rẹ̀ ni pé ọpọlọ kò rí èròjà T3 tó láti fi ṣiṣẹ́, àwọn kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn sì ń yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kẹ́míkà yìí náà ló ń dà rú nínú ara ẹni tó ní ìsoríkọ́ lásán, tí kókó ọrùn rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ẹ ò rí i pé àìsàn méjèèjì wọ aṣọ kan náà? Àárẹ̀, oorun àsùnjù, ìgbàgbé, ìbànújẹ́, àìlè ronú já geere, kò sí èyí tí kò sí nínú ìkíní tàbí ìkejì. Bí dókítà kò bá fa ẹ̀jẹ̀, kò lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀.

BÓ BÁ ṢE ÀṢEJÙ, ÀWỌN ARÁ ILÉ Á NÍ ORÍ RẸ̀ TI DÀRÚ

Èyí tó ń ṣe àṣejù ní tirẹ̀ yàtọ̀, irú èyí tó mú Gail Devers. Ọkàn á máa lù kì kì kì bí ẹni tí olè lé. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa jáde, ooru á máa mú èèyàn lábẹ́ fáànù. Ó ń jẹun bí ẹni jẹun kú, ó sì ń rù. Ojú àwọn kan á yọ síta. Oorun á dá lójú rẹ̀, á máa kanra, á máa bẹ̀rù ohun tí kò sẹ́ni tó rí. Nígbà tó bá ti sọ̀rọ̀ láìdákẹ́ di aago mẹ́ta òru, tó bínú fọ́ àwo láàárọ̀, ta ni yóò rántí ọrùn rẹ̀ wò? Wọ́n á ní ó ti ń ya wèrè.

Èyí tó tún wá fakọ yọ ni pé nínú àwọn àgbàlagbà, àṣejù yìí lè má fi ara hàn bẹ́ẹ̀ rárá. Bàbá tó ti lé ní 70 ọdún lè kàn dákẹ́, kó má jẹun, kó máa rù, kó máa wo ògiri. Wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ni, tàbí pé ikú ìyàwó rẹ̀ ló ń rò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ kókó ọrùn.

Àìsàn táírọ́ìdì ń mú ọkùnrin, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ló ń bá fínra jù, ní ìlọ́po ìlọ́po. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ ló ń bá kókó náà jà, bí ọmọ ogun ilé tó kọjú ìbọn sí onílé. Dókítà ọmọ Japan kan, Hakaru Hashimoto, ló kọ́kọ́ kọ nípa irú ìjà bẹ́ẹ̀ tó ń mú kí kókó náà lọ́ra, lọ́dún 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìsàn náà dòní.

ÌYÁ ỌMỌ TUNTUN TÓ Ń SUNKÚN

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ba ilé jẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura sí. Ìyẹn ni lẹ́yìn ìbímọ. Láàárín ọdún kan tí obìnrin bá bímọ, kókó ọrùn rẹ̀ lè bínú. Àwọn kan á kọ́kọ́ ṣe àṣejù fún oṣù díẹ̀, ìyá á máa rù, ọkàn rẹ̀ á máa lù. Lẹ́yìn náà ni kókó náà á wá lọ́ra, ìyá á sì di ẹni tó ń jókòó sójú kan, tí ọmọ ń ké tí kò gbé e.

Àwọn ìyá ọkọ á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní abisínwín ló fẹ́ mú un, wọ́n á sáré gbé e lọ sórí òkè àdúrà tàbí sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn. Ní tòótọ́, ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ wà láìsí pé kókó ọrùn dá sí i, abisínwín náà sì wà láyè ara rẹ̀, pàjáwìrì ni, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo lè sọ bóyá kókó ọrùn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, kókó náà á padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, fún àwọn mìíràn, wọ́n á nílò oògùn títí lọ.

Ohun tó ń dunni ni iye ilé tí ọ̀rọ̀ báyìí ti ń fọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rántí ọsibítù. Ọkọ á ní ìyàwó òun kò nífẹ̀ẹ́ òun mọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ á kọ ìwé ìkìlọ̀. Àwọn ẹbí á máa wá ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀, wọ́n á dá orogún lẹ́bi, wọ́n á dá ìyá àgbà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ́bi. Wọ́n á ná owó ẹbọ, wọ́n á ná owó ààwẹ̀, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọn kò ní í ná. Kò sẹ́ni tó ní kí onígbàgbọ́ má gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n àdúrà kò sọ pé kí wọ́n má fa ẹ̀jẹ̀.

ÀGÙNTÀN LÓ KỌ́KỌ́ WO ÀÌSÀN YÌÍ

Ọ̀rọ̀ pé kókó ọrùn lè da ọpọlọ láàmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní orílẹ̀-èdè Switzerland, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti pọ̀ gan-an láyé ìgbà kan, oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ń jẹ́ Theodor Kocher. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó ń yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn àwọn èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n kú, nígbà tó jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn dókítà mìíràn, ọ̀pọ̀ ló ń kú. Inú gbogbo èèyàn dùn sí i.

Àṣé ẹ̀yìn ni yóò dun ún. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ fún lọ́dún 1874, tó yọ gbogbo kókó náà kúrò. Nígbà tó yá, dókítà tó mọ ọmọ náà kọ̀wé sí i pé ọmọ náà kò dàgbà mọ́, làákàyè rẹ̀ sì ti dín kù. Kocher pe àwọn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ fún padà, ó rí i pé ohun kan náà ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn: wọ́n wú, wọ́n ń lọ́ra, ọkàn wọn kò já geere. Kò fi pamọ́. Lọ́dún 1883, ó dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó jẹ́wọ́ ohun tó rí, ó sì sọ pé òun kò ní í yọ gbogbo kókó náà tán mọ́ fún ẹni tó jẹ́ gẹ̀gẹ̀ nìkan ló ń ṣe é. Lọ́dún 1909, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé àìsí kókó náà ló ń fa wàhálà, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Murray, dá a lábàá lọ́dún 1891 pé kí wọ́n mú kókó ọrùn àgùntàn, kí wọ́n fún omi rẹ̀, kí wọ́n fi gún aláìsàn lábẹ́rẹ́. Obìnrin ẹni ọdún 46 kan ló kọ́kọ́ ṣe é fún. Obìnrin tó ti di bí ère yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jáde lọ síta. Ó lo oògùn náà títí, kò sì kú títí tó fi di ẹni ọdún 74. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, ọdún 1914, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, Edward Kendall ní Amẹ́ríkà rí ojúlówó èròjà náà yọ sọ́tọ̀. Lónìí, kò sí ẹni tó ń pa àgùntàn kiri nítorí àìsàn yìí mọ́, oògùn oníhóró kékeré tí wọ́n ń pè ní levothyroxine ti wà.

Èyí tó wá kan ọ̀rọ̀ ọpọlọ gan-an ni ti Richard Asher, dókítà kan nílùú London. Lọ́dún 1949, ó kọ̀wé nípa aláìsàn mẹ́rìnlá tí orí wọn dàrú nítorí pé kókó ọrùn wọn ti kú tán. Lára wọn ni àwọn tí wọ́n ti kà mọ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láìní àtúnṣe. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní oògùn kókó ọrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà bọ̀ sípò. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ọpọlọ ti ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn pé kí wọ́n tó sọ pé ọkàn ni, kí wọ́n wo ọrùn.

GẸ̀GẸ̀, IYỌ̀ ÀTI GÀRÍ

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí kókó yìí. Gẹ̀gẹ̀ tí àwọn bàbá ń sọ, òun náà ni kókó ọrùn tó wú. Nígbà tí áyódíìnì kò bá tó nínú oúnjẹ, kókó náà á máa wú kó lè rí ìwọ̀nba tó wà kó jọ. Ìdí nìyẹn tí gẹ̀gẹ̀ fi pọ̀ láwọn ìlú tó jìnnà sí òkun, torí ẹja òkun àti àwọn nǹkan inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí jù.

Lọ́dún 1993, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí àwọn tó ń ṣe iyọ̀ tí gbogbo èèyàn ń jẹ máa fi áyódíìnì sí i. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwọn ìyàwó ilé: ẹ má ṣe ṣí iyọ̀ sílẹ̀ sínú oòrùn tàbí afẹ́fẹ́, ẹ dé e pa, bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi í sí ọbẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá ń jinná lọ, torí áyódíìnì ń fò lọ nínú iná.

Gàrí àti fùfú náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀gẹ́ tí wọn kò rẹ dáadáa, tí wọn kò fún omi rẹ̀ kúrò tó, ní májèlé díẹ̀ nínú, nígbà tó bá sì dénú ara, ó lè dí kókó ọrùn lọ́wọ́ láti mú áyódíìnì. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ oríṣiríṣi kò ní ohun tó ń bẹ̀rù. Ẹni tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí kò rí ẹja jẹ, òun ni kó ṣọ́ra. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹni tí kò ní gẹ̀gẹ̀ lè ní àìsàn táírọ́ìdì, ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ sì lè máa rìn kiri láìsí nǹkan kan tó ń ṣe ọkàn rẹ̀. Wíwú ọrùn nìkan kọ́ ni àmì.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÌBÀNÚJẸ́ NI TI KÓKÓ ỌRÙN O

Ó ṣe pàtàkì kí wọ́n sọ eléyìí kó yé gbogbo èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ìsoríkọ́, kókó ọrùn wọn dára. Ikú èèyàn ẹni, àìríṣẹ́, gbèsè, ìjà ilé, gbogbo wọn lè fa ìsoríkọ́, òmíràn sì ń wá láìsí ìdí tí èèyàn lè tọ́ka sí. Gbogbo wọn ló ní ìtọ́jú tiwọn. Lílọ bá dókítà ọpọlọ kò sọ èèyàn di wèrè, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ sí Àrò ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ń dè mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ, tó ń gba oògùn, tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èkejì ni pé nígbà mìíràn, èèyàn á lo oògùn kókó ọrùn, TSH rẹ̀ á bọ̀ sípò, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ á ṣì wúwo. Ìyẹn kò ní kó máa bu oògùn kún oògùn fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìsoríkọ́ náà wà láyè ara rẹ̀, tó yẹ kí wọ́n tọ́jú lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní lithium, tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí inú wọn ń dùn ní àdùnjù lónìí, tó ń bàjẹ́ ní àbàjẹ́jù lọ́la. Oògùn tó dára ni, ṣùgbọ́n ó lè mú kí kókó ọrùn lọ́ra. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÈÈYÀN ṢE

Ẹni tó bá rí i pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkàn òun kò dùn sí nǹkan kan mọ́, pàápàá bí òtútù, ìgbẹ́ gbígbẹ, irun rírẹ̀, ìlù ọkàn tàbí ọwọ́ gbígbọ̀n bá tẹ̀lé e, kó lọ sí ọsibítù. Kó sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, àti ti ara àti ti ọkàn, kó má tijú. Kó sọ bí ìyá rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ bá ti ní gẹ̀gẹ̀ tàbí àìsàn táírọ́ìdì rí. Kó béèrè pé, “Dókítà, ṣé ẹ lè bá mi wo TSH?” Kò sí dókítà tó yẹ kó bínú sí ìbéèrè yẹn.

Bí wọ́n bá ní kókó náà ń lọ́ra, oògùn tí wọ́n máa kọ, àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń lò ó, pẹ̀lú omi lásán, kí ó tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí wákàtí kan kí èèyàn tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú kò gbọ́dọ̀ bá a pàdé nínú ikùn, wákàtí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín wọn. Kò sì ní í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n dín in kù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: bí ara wọn bá ti yá, wọ́n á ní àwọn ti rí ìwòsàn, wọ́n á da oògùn nù. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á tún padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, oògùn yìí dà bí oúnjẹ, ojoojúmọ́ ni. Àwọn tó sì ń wá oògùn náà lò nítorí pé wọ́n fẹ́ rù, iná ni wọ́n ń fi ọwọ́ fà o. Ó lè da ìlù ọkàn wọn rú.

Fún ẹni tí kókó tirẹ̀ ń ṣe àṣejù, oògùn mìíràn wà fún un, iṣẹ́ abẹ wà, ìtọ́jú tó ń jó kókó náà nínú sì wà. Dókítà ló mọ èyí tó yẹ.

Fún ẹbí àti ọ̀rẹ́: bí èèyàn yín bá ń sọ pé ayé sú òun, pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe bá a ṣàwàdà, ẹ má ṣe bú u. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bóyá kókó ọrùn ni, bóyá kì í ṣe òun ni, wọ́n máa mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Gail Devers ní tirẹ̀ kò dúró sí Barcelona. Lọ́dún 1996, ní Atlanta, ó tún gba góòlù 100 mítà, ó tún bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ti eré ìgbé-ọ̀pá-fúnra-ẹni. Lọ́dún 2004, nígbà tó ti di ẹni ọdún 37, ó ṣì bá wọn lọ sí Òlíḿpíìkì ní Athens, ìkarùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Ó sì ti ń lọ káàkiri láti ìgbà náà, ó ń sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n lọ yẹ kókó ọrùn wọn wò. Aṣọ tó fi bo dígí ilé rẹ̀ lọ́jọ́sí, ó ti ká a kúrò tipẹ́.

Bí aṣọ bá wà lójú dígí ilé ẹnìkan ládùúgbò yín báyìí, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ bi í léèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kẹ́yìn.